Ìbéèrè Tí Nọ́ọ̀sì Bi Ṣọlá

Ẹnu ara rẹ̀ ni Miriam fi sọ ọ́, kò sì sẹ́ ẹ rí. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ní, "Ṣọlá, bá mi tọ́jú ọkọ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀.

Ìlú Kàbà ni wọ́n ń gbé, nígbà tí ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Josiah, ọkọ Miriam, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó kúrò ní Ìlọrin lọ sí Lọ́kọ́jà. Ilé kò tó ní Lọ́kọ́jà láyé ìgbà yẹn. Àwọn àgbà ọkùnrin ń há mọ́ra wọn nínú yàrá kan bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kálukú á wọkọ̀ lọ sílé. Miriam ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ẹniolúwa, obìnrin.

Ojú ló kọ́kọ́ wú. Bó bá jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti wú bo ẹyinjú. Bó bá fi máa di ọ̀sán, á ti sọ̀ díẹ̀.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Miriam, o ń sanra o! Josiah ń tọ́jú rẹ!"

Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ọrùn wú, kò lè dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Apá méjèèjì wú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ yọ gọngọ lára àyà rẹ̀ bí ìtàkùn tó fà mọ́ ògiri. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì tó bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, orí rẹ̀ á máa lù kì kì kì. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó ló ń sùn, wọ́n á to ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ bíi ti aláboyún tó ń rọbí.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní wọ́n sà sí i ni. Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àrùn tuntun tí rédíò ń pariwo rẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni Ọmọ́ṣọlá dé.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọmọ Ìyàrá. Ìyá wọn kú nígbà tí Ṣọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Miriam ló gbé e pọ̀n. Nígbà tó lọ sílé ọkọ, ó mú un dání. Òun ló fi í sí ilé ẹ̀kọ́, òun ló kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè, òun ló jókòó tì í lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan oṣù. Nígbà tí Ṣọlá parí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlọrin tí kò tíì ríṣẹ́, ta ni Miriam ì bá tún pè bí kì í ṣe òun?

Ṣọlá wọlé, ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó gba ìgbálẹ̀, ó gba ìkòkò, ó gba ìtọ́jú Ẹniolúwa. Ọjọ́ yẹn ni Miriam di ọwọ́ rẹ̀ mú tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

"Mi ò lágbára mọ́. Bá mi tọ́jú ọkọ mi. Má jẹ́ kó jẹun ìta."

Ṣọlá ní, "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò pẹ́ tí Josiah fi ń wálé láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́rú, ẹ ó rí i. Ọjọ́bọ̀, ẹ ó tún rí i. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Ìyá Gbádéyan, aládùúgbò wọn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí i, "Okun o, Ìyá Ẹniolúwa! Irú ọkọ wo rèé? Ọkùnrin mìíràn á ti sá. Òun ń fi ọ̀nà Lọ́kọ́jà ṣe ọ̀nà oko nítorí rẹ!"

Orí Miriam wú. Ó gbà pé nítorí òun ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rọra fa ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná láti bomi mu. Ó gbọ́ ẹ̀rín níbẹ̀. Bó ṣe yọjú, ẹ̀rín náà gé. Josiah dúró nítòsí ààrò, Ṣọlá ń ro ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kejì. Kò sí ohun kan tí ènìyàn lè tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n Miriam kò bu omi náà mọ́.

Ó padà sórí ìjókòó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ wí. Ṣé Ṣọlá tí mo pọ̀n náà ni? Àìsàn yìí fẹ́ bà mí lórí jẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó nílò àwọn méjèèjì. Ta ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn bí ó bá bá ọkọ jà? Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́ bí ó bá lé àbúrò lọ? Ó rọrùn kó má rí nǹkan kan. Ó sì pinnu pé òun kò rí nǹkan kan.

Ìlọrin ni wọ́n ti mọ àìsàn náà. Wọ́n yàwòrán àyà rẹ̀, wọ́n fa oògùn aláwọ̀ sí i lápá, wọ́n tún yà á. Dókítà wá jókòó níwájú rẹ̀.

"Màdáàmù, ṣé ẹ ti ní ikọ́ ife rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ìyàrá. Mo lo oògùn rẹ̀ tán."

"Ikọ́ náà lọ, ó fi àpá sílẹ̀. Iṣan ńlá kan wà nínú àyà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti orí àti apá méjèèjì padà sínú ọkàn. Àpá yẹn ti fún un lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ń gòkè, kò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ojú yín fi ń wú."

Josiah béèrè pé kí ni ṣíṣe.

"Ká la àyà ṣòro púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣe nǹkan tuntun kan ní London. Wọ́n á gba itan wọlé, wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín gòkè dé ibi tó dí, wọ́n á fi bàlúùn kékeré fẹ ibẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀pá kan tí wọ́n fi wáyà hun síbẹ̀. Stẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Kò ní jẹ́ kí iṣan náà pa dé mọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà níbẹ̀. Màá bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá náà gbà láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọ àti ẹbí dìde sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní kí Miriam dé ní oṣù tó tẹ̀ lé Kérésì, nínú ọyẹ́, kí Josiah tẹ̀ lé e.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ.

"Físà kò tíì jáde," ni Josiah ń sọ. "Mo tún dé ọ́fíìsì àwọn òyìnbó náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ká máa retí."

Ooru dé. Èémí Miriam wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n di ìrọ̀rí bò nímú. Ohùn rẹ̀ há. Bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ètè rẹ̀ á dúdú bí aró. Ṣọlá ni yóò máa gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, tí yóò máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Josiah wọlé tìdùnnú-tìdùnnú. Físà ti jáde. Ṣùgbọ́n ó tún yí ohùn padà.

"Ìyá Ẹniolúwa, ọ̀gá mi kò fún mi láyè. Ìpínlẹ̀ tuntun, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa yọ níṣẹ́. Mo ti bá wọn fi orúkọ Ṣọlá sí i dípò mi. Obìnrin bíi tìẹ ni, á lè wẹ̀ ọ́, á lè pààrọ̀ aṣọ fún ọ."

Miriam sunkún ọpẹ́. Ó súre fún ọkọ, ó súre fún àbúrò.

Ṣọlá bì nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí Èkó. Ó tún bì nínú ọkọ̀ òfuurufú. "Ìrìn ọkọ̀ ló ń dà mí nínú rú, Àǹtí mi," ló wí. Miriam, tí kò lè mí dáadáa, ló tún ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Mary, ọmọ Ògìdì kan tó ti pẹ́ ní London, ló gbà wọ́n sílé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ rí dókítà. Ọkùnrin gíga kan ni, onírẹ̀lẹ̀. Ó tẹ ọrùn Miriam, ó wo àyà rẹ̀, ó mi orí.

"Kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí? Inú oṣù kìíní la retí yín. Bí ẹ bá tún fi oṣù kan pẹ́ sí i, iṣan yìí ì bá ti dí pátápátá."

"Físà ni kò jáde, dókítà."

Dókítà wò ó. "Ọkọ yín pè wá. Ó ní físà yín wà nílẹ̀, ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín ni kò tíì ní pásípọ́ọ̀tù, ó ní ká sún un síwájú."

Ìyẹn kò yé Miriam. Josiah ní pásípọ́ọ̀tù. Ó yíjú sí Ṣọlá. Ṣọlá ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Bóyá wọn ò gbọ́ èdè ara wọn lórí fóònù," ni Miriam sọ fún Ṣọlá. Àní, ó ṣì ń gbèjà ọkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ náà pé. Ẹ̀rù ń ba Miriam láti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí tábìlì tóóró yẹn, nítorí bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, bí ẹni tó ń rì sómi ló ń ṣe é. Ó bẹ dókítà pé kó jẹ́ kí àbúrò òun wọlé di òun lọ́wọ́ mú. Dókítà gbà. Wọ́n mú ẹ̀wù wúwo kan wá tí wọ́n fi òjé sínú rẹ̀, tó ń dènà ìtànṣán ẹ̀rọ, pé kí Ṣọlá wọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù òkè òkun. Ohun tí wọ́n máa ń bi gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ wọ yàrá yẹn ló bi í.

"Ṣé oyún wà nínú rẹ?"

Ṣọlá ń tún okùn ẹ̀wù náà so.

Nọ́ọ̀sì rò pé kò gbọ́. Ó tún bi í, ó rọra là á yé e pé ẹ̀rọ inú yàrá yìí lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, pé òtítọ́ nìkan ni kó sọ.

Miriam ti wà lórí tábìlì. Ó yí ọrùn rẹ̀ tó wú, ó ń retí kí àbúrò rẹ̀ ní "rárá" kíákíá kó wọlé.

Ṣọlá fi ọwọ́ bo ikùn rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì bọ́ ẹ̀wù òjé náà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí i kú oríire, ó mú un jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

Oyún? Ṣọlá tí kò ní ọ̀rẹ́kùnrin kankan? Ṣọlá tí kì í jáde kúrò nílé?

Wọ́n ti gún Miriam lábẹ́rẹ́ nítan kí ibẹ̀ má baà dùn ún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere. Dókítà tẹ̀ síwájú. "Ẹ má mira o. Ẹ má sọ̀rọ̀. Wáyà yìí ti sún mọ́ ọkàn yín."

Kò mira, kò sọ̀rọ̀. Kí ló tún kù fún un láti ṣe ju kó máa ronú lọ? Àwọn Ọjọ́rú. Àwọn Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rín inú ilé ìdáná. Èébì inú ọkọ̀. Pásípọ́ọ̀tù. Ó ń wá ọkùnrin mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè bá mu, kò rí.

Omijé ṣàn láti ojú rẹ̀ wọ etí, kò sì lè gbọ́wọ́ nù ún. Nọ́ọ̀sì bá a nù ún.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?"

Ó ṣẹ́jú. 

Nǹkan fẹ̀ nínú àyà rẹ̀ bíi pé wọ́n ń ti ìkúùkù gba inú ibẹ̀ jáde. Ó fẹ́ ké. Lẹ́yìn náà, dókítà mí kanlẹ̀.

"Ó ti jókòó dáadáa. Ẹ wo ẹ̀rọ yẹn."

Miriam wò ó. Oògùn dúdú kan ń ya lọ gbuuru sínú ọkàn, lọ́nà tí kò rí àyè kọjá tẹ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni orí rẹ̀ fúyẹ́, àfi bí ìgbà tí ènìyàn tú gèlè tó fún un lórí láti àárọ̀. Èémí wọlé, ó délẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ ayọ̀ ni ì bá jẹ́. Àwọn ènìyàn dúdú àti funfun inú yàrá yẹn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Òun nìkan ló ń sunkún, wọ́n sì rò pé ẹkún ọpẹ́ ni.

Wọ́n gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja títí di ìrọ̀lẹ́, kó má ká ẹsẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tú níbi tí wọ́n gbà wọlé. Ṣọlá wọlé wá, ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí mi, ẹ kú ewu. Ojú yín ti ń sọ̀."

"Oyún ta ni?"

"Ẹ jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ yá..."

"Ọmọ́ṣọlá, mo ní oyún ta ni?"

Ṣọlá wólẹ̀ lórí eékún. 

"Bùrọ̀dá ni."

Kò fi orúkọ kún un. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni Ṣọlá ń pè ní Bùrọ̀dá láyé yìí.

Miriam wo àjà. "Ṣé ó mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Àwọn ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé yín. Wọ́n ní bí mo bá bí i síbí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ní Kàbà. Wọ́n ní kí n dúró síbí, kí n máa kàwé lọ."

"Físà mi ńkọ́?"

 "Tiyín àti tiwọn ti jáde ṣáájú Kérésì. Ìgbà tí mo sọ fún wọn pé mo lóyún, wọ́n ní ká dúró de pásípọ́ọ̀tù tèmi."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gún un ju ti oyún lọ. Gbogbo oṣù yẹn. Gbogbo ìgbà tó ń fi ìjókòó sùn, tó ń jà fún èémí, ìwé tí ì bá gbà á là wà nínú àpótí ọkọ rẹ̀.

"Ṣọlá, ṣé o ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí lóru?"

"Mò ń gbọ́, Àǹtí mi."

"Ìwọ lò ń gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn mi."

"Ẹ foríjì mí."

"Ìwọ lò ń gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn mi, Ṣọlá!"

Miriam ti gbé apá sókè láti fọ́ ọ létí. Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó ké sí i pé kó má mira. Ó ní láti sọ apá rẹ̀ kalẹ̀, kó tún ara rẹ̀ tẹ́ bí igi. Kò tiẹ̀ lè yí ẹ̀yìn sí ẹni tó dà á.

Ṣọlá ní òun fẹ́ lọ bomi mu. Kò padà wá mọ́. Nígbà tí Mary délé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, àpótí Ṣọlá ti kúrò nílẹ̀.

Mary bínú ju Miriam lọ. "Sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, màá pe àwọn ìmígíréṣọ̀n. Wọ́n á wá a rí, wọ́n á dá a padà fún ọ."

Ó wu Miriam. Ó wù ú dé egungun. Ó fojú inú rí Ṣọlá pẹ̀lú ìtìjú ní pápákọ̀ òfuurufú, ikùn níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn. Ó lanu, ó tún pa á dé.

"Fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá dá a padà, Kàbà náà ni yóò bọ́ sí. Mi ò fẹ́ máa rí i."

Ẹ má pè é ní àánú. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe àánú.

Nígbà tó padà sílé, èrò kún ìta. Ẹbí Josiah wà níbẹ̀, àwọn ará ìjọ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ọrùn rẹ̀ tó tún ti tín-ín-rín, wọ́n ń yin Ọlọ́run. Josiah gbá a mọ́ra lójú gbogbo wọn.

Ìyá Gbádéyan ló béèrè. "Ọmọ wa Ṣọlá dà?"

Josiah ti múra sílẹ̀. "Ó rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ níbẹ̀. Oríire ló jẹ́ fún un."

Miriam bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò fi "ìwọ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí.

"Ìwọ Josiah, sọ irú oríire tó jẹ́ fún wọn. Sọ fún wọn pé oyún rẹ ló gbé lọ sí London. Sọ fún wọn pé físà mi wà lọ́wọ́ rẹ ṣáájú Kérésì, tí o gbé e pamọ́, tí o ń wò mí bí mo ṣe ń kú lọ, kí àbúrò mi lè rí pásípọ́ọ̀tù gbà!"

Orin ọpẹ́ dá lẹ́nu àwọn ará ìjọ. Josiah wo ilẹ̀, ó wo ọ̀run. Ó ní, "Ìyá Ẹniolúwa, jẹ́ ká wọlé sọ ọ́." Kò sọ pé irọ́ ni. Gbogbo ìta gbọ́ pé kò sọ pé irọ́ ni.

Bàbá Ọlọ́runlékè, ẹ̀gbọ́n bàbá Josiah, bẹ Miriam. "Ìyàwó wa, fọwọ́ wọ́nú. Ọkùnrin ló ṣìṣe. Òun náà ló ṣáà wá ọ̀nà tí o fi rí ìwòsàn."

"Bàbá, ẹ ṣeun," ni Miriam dá a lóhùn. "Bó bá jẹ́ oyún nìkan ni, bóyá ẹ ó rí mi bẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀mí mi dúró de pásípọ́ọ̀tù. Mi ò lè sùn ti ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó mú Ẹniolúwa, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìyàrá. Wọ́n gbé iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fún un. Ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó ń lọ sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò, iṣan àyà rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Josiah wá bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí Miriam ní kí n bá òun sọ fún ẹ̀yin obìnrin tí àìsàn dá jókòó sílé kò pọ̀. Ó ní òun kò ní kí ẹ má fọkàn tán ènìyàn. Ó ní bí ara yín bá sọ pé ẹ rí nǹkan, ẹ má torí pé ẹ nílò ènìyàn sọ pé ẹ kò rí i.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé láti ọ̀dọ̀ Mary pé Ṣọlá ti bí ọkùnrin. Ẹniolúwa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà kí Miriam tó ráyè pa á mọ́.

"Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé Àǹtí Ṣọlá ti bímọ?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ni kí n máa pè é?"

Miriam ronú irọ́ tó lè pa. Irọ́ pọ̀, wọ́n sì rọrùn. Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n pa fún òun nínú ilé yẹn ti tó.

"Àbúrò rẹ ni. Bàbá yín kan náà ni. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Ọmọdé náà fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó sáré jáde lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun náà ti di ẹ̀gbọ́n. Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé dé ilé.